Abẹ́rẹ́ Tí Kò Sùn Nílé

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kó máa ṣe é lọ, ọwọ́ kọ́ la fi ń gbọ́ ìtàn. Èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín kò ní ọba nínú, kò ní ogun, kò sì sí ẹranko kankan níbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tí kò gùn tó ìka ọmọdé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ há ìdílé kan lọ́fun.

Ìyá kan wà, ìyàwó káfíńtà. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni kò ti rán aṣọ títà mọ́. Báàgì ló ń rán, láti ara àgékù aṣọ tí àwọn aránṣọ àdúgbò bá fẹ́ dànù. Ẹbí ló ń rán an fún. Àbúrò rẹ̀ ń kó oògùn sínú tirẹ̀, àna rẹ̀ ń gbé tirẹ̀ lọ ra nǹkan ọbẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ ń fi tiwọn gbé ìwé. Bí o bá jẹ́ ẹbí rẹ̀ tí o kò ní ọ̀kan lọ́wọ́, a jẹ́ pé o ṣẹ̀ ẹ́, kí o lọ bẹ̀ ẹ́. Báàgì wọ̀nyí ló sọ ọ́ lórúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é: Ìyá Alápò.

Ohun kejì tó ń rán ni aṣọ ọmọdé, ìyẹn fún ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí kò ní òbí. Kì í gba kọ́bọ̀. Bí ẹrù kan bá ti pé, yóò dì í, ọkọ̀ ilé náà á wá gbé e, òun náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Yàrá tó ti ń ṣe é kò tóbi. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé, ó ní ìdérí onípákó tí ọkọ rẹ̀ kàn fún un, tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Tábìlì tó ń gé aṣọ lé lórí ń mì, ó fi àgékù aṣọ tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ rí tábìlì tó ń mì, kó lọ sílé káfíńtà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ni ìrọ̀rí abẹ́rẹ́ wà, tìmùtìmù kékeré kan tó ki òwú sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo abẹ́rẹ́ ń sùn.

Òfin méjì ni Ìyá Alápò gbà lọ́wọ́ ìyá tó bí i. Èkíní: abẹ́rẹ́ kò ní ju ilé méjì lọ. Bí kò bá sí lọ́wọ́ ẹni, kó wà lórí ìrọ̀rí. Èkejì: aṣọ ọmọ kò gbọdọ̀ kúrò nílé láìjẹ́ pé ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá. Bó bá ti rán aṣọ kan tán, yóò yí inú rẹ̀ síta, yóò sì rọra fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀, láti ọrùn aṣọ dé ìṣẹ́tí. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé ọwọ́ aránṣọ ti yi, abẹ́rẹ́ ti gún un títí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ojú sì máa ń fo nǹkan dá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ohun tó bá ta ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbà, yóò gún ọmọ.

Nínú ilé kan náà ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń gbé, nítorí pé iṣẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó yìí, ó mọ́ tónítóní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó fẹ́ràn ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ohun tó fẹ́ sọ yìí lè mú kí ẹ rò pé kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó mú ṣòkòtò ọmọdé kan láti orí tábìlì.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mélòó ni ọmọ tó fẹ́ wọ ṣòkòtò yìí ní?”

“Méjì ni. Kí ló dé?”

“Ẹ ti rán ọ̀kan pa.”

Ìyá Alápò gbà á, ó ki ọwọ́ bọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà. Lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò jáde.

“Fi sílẹ̀ fún un, ìyàwó,” ni Káfíńtà sọ láti ẹnu ọ̀nà. “Bóyá ọmọ tó máa ń fi ẹsẹ̀ kan fò ni.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ìyàwó ló kọ́kọ́ tán. “Màmá, ojú ti ń rẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ yìí pamọ́, kí ẹ sinmi. Ṣòkòtò tí a rán pa, a lè tú u. Ohun tí a kò ní lè tú ni mo ń bẹ̀rù.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Alápò lára. Bí wọ́n bá gba ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò kù? Yóò di arúgbó tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo ẹni tó ń lọ, tó tún ń wo ẹni tó ń bọ̀. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

“Ìyàwó mi, gbọ́. Ní ọjọ́ tí aṣọ tí mo rán bá fi ọmọ kan sínú ewu, kò ní jẹ́ ìwọ ni wàá gbé ẹ̀rọ yìí. Èmi fúnra mi ni màá tì í pa, màá sì kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Títí di ọjọ́ yẹn, jẹ́ kí n máa rán aṣọ mi.”

“Mo gbọ́, Màmá,” ni ìyàwó dáhùn.

Ẹyin lọ̀rọ̀ o. Ìyá Alápò ti jù ú sílẹ̀ báyìí, ó kù ká wo ibi tí yóò balẹ̀ sí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni eyín ìkẹyìn rẹ̀ lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú bí ẹni pé ó fi ìdì òwú pamọ́ sẹ́nu. Kò sọ fún ìyàwó, torí ó mọ̀ pé bí nọ́ọ̀sì bá gbọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yọ eyín ló máa wọ́ òun lọ. Ó da gèlè bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ó ń fi omi iyọ̀ yọ́nu, ó sì ń rán aṣọ lọ, nítorí pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé ẹrù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ọwọ́ rán ìṣẹ́tí aṣọ tó kéré jù nínú ẹrù, ó sì dìde lọ yọ́nu. Káfíńtà dé láti ibi iṣẹ́, ó ń bú pákó kan tó fi ẹ̀gún sí i níka. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹni tí eyín ń dùn kì í gbọ́ ti ẹni tí ìka ń dùn. Nígbà tí Ìyá Alápò padà dé ìdí iṣẹ́, ó mú aṣọ àkọ́kọ́, ó yí inú rẹ̀ síta, ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìrora náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú.

Ẹ lè bi mí pé ṣé kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni. Ó gbìyànjú rẹ̀. Kí aṣọ tó fara kan apá ọ̀tún, apá òsì ti ń ké. Ó wá sọ nínú ara rẹ̀ pé, ti òní nìkan ni. Ó di ẹrù náà, ó so ó, ó lọ sùn. Ìyàwó kò sí nílé, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ tí yóò bá di ti ọ̀sán. Ní kùtù òwúrọ̀, ọkọ̀ ti gbé ẹrù lọ.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, Ìyá Alápò jókòó láti rán okùn mọ́ báàgì ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ìrọ̀rí láti mú abẹ́rẹ́ ìṣẹ́tí, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì tẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu, tó ti bá a gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan àwọn yòókù. Kò kan èyí tó ń wá. Ó wo inú gèlè rẹ̀. Ó wo abẹ́ báàgì. Ó dìde, ó gbọn aṣọ ara rẹ̀, ó sì dúró láìmira, kó lè gbọ́ bó bá bọ́ sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan, àfi eyín rẹ̀ tó ń lù kì-kì-kì.

Wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, á di ète. Bí ọ̀ràn ńlá bá dé bá ni, á di èrò. Ó ké sí ọkọ rẹ̀. Káfíńtà wọlé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí. Fìlà yẹn kì í kúrò lórí rẹ̀ àfi bó bá ń wẹ̀, aya rẹ̀ sì máa ń sọ pé ìyẹn náà kò dá òun lójú.

“Kí ló sọnù?”

“Abẹ́rẹ́.”

“Ìyẹn ni o fi ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jí ọkọ̀ rẹ̀ gbé?”

Síbẹ̀, ó lọ mú òòfà rẹ̀ wá. Ara rédíò tó ti bàjẹ́ ló ti yọ ọ́, ó so okùn mọ́ ọn, òun ló fi ń ṣa ìṣó tó bá bọ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á kiri inú yàrá bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́. Òòfà kó ìṣó jáde lábẹ́ tábìlì, ó kó píìnì irun, ó kó kọ́kọ́rọ́ àpótí kan tí wọ́n ti já ìdérí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò kó abẹ́rẹ́.

“Bàbá wọn,” ni Ìyá Alápò sọ, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Ẹ fi òòfà yẹn sílẹ̀. Ó wà nínú aṣọ.”

“Aṣọ wo?”

“Aṣọ àwọn ọmọ.”

Káfíńtà dá okùn dúró. “Ṣé o kò fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni?”

Ìyá Alápò gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ tó wú.

“Ká pe ìyàwó,” ni Káfíńtà sọ. “Ó ní nọ́ńbà wọn nínú fóònù rẹ̀.”

“Ẹ má pè é.”

“Ìyá Alápò.”

“Mo ní ẹ má pè é, Bàbá wọn. Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ fún un ni? Ẹ jẹ́ ká lọ fẹsẹ̀ ara wa wá a. Bí a bá rí i, ó parí.”

Wọ́n wọ takisí. Awakọ̀ náà jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀, ó ń sọ nípa ọ̀nà tí kò dára àti ọmọ rẹ̀ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Ìyá Alápò kò gbọ́ ọ. Ọmọ ló ń rí lójú ara rẹ̀, ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó kàn ń ké, tí àgbà tó gbé e sì ń dì í mọ́ra kó lè dákẹ́. Bí wọ́n bá ṣe ń dì í mọ́ra tó ni abẹ́rẹ́ á máa wọlé tó. Ó fi ọwọ́ di ẹnu.

“Màmá, ṣé èébì ni?” ni awakọ̀ bi í. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kí n tètè dúró. Àná ni mo fọ ìjókòó yẹn.”

“Máa lọ, ọmọ mi,” ni Káfíńtà sọ. “Èrò ló ń rò.”

Àgbàlá ilé náà kún fún ọmọ nígbà tí wọ́n dé. Gbogbo wọn ti wẹ̀, gbogbo wọn ti wọ aṣọ tuntun. Mátírọ́ọ̀nù, ìyá tó jẹ́ olórí ibẹ̀, jáde wá pẹ̀lú ẹ̀rín.

“Ẹ wá wo àwọn ọmọ yín. A ò tilẹ̀ lè dá wọn dúró, bí a ṣe tú ẹrù ni wọ́n ń já a gbà.”

Àwọn ọmọ ń sáré. Wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, wọ́n ń fi ìdí wọ́ ilẹ̀. Ìyá Alápò ń fojú tẹ̀ lé ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá jókòó.

“Bọ́tìnnì wọn ni mo wá wò,” ló sọ. “Mo rò pé n kò tẹ àwọn kan dáadáa.”

“Màmá, bọ́tìnnì wọn dúró dáadáa. Ẹ jókòó, kí n bu omi fún yín.”

Ọmọbìnrin kékeré kan ṣubú, ó fi ìdí balẹ̀, ó sì figbe ta. Kí Mátírọ́ọ̀nù tó yíjú, Ìyá Alápò ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ó ti kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ kiri. Ọmọ náà dákẹ́, ó ń wò ó tìyanu-tìyanu. Àṣé ẹnì kan ló gba bọ́ọ̀lù rẹ̀, ìyẹn ló fi ń ké.

Ìyá Alápò kò dìde lórí eékún rẹ̀. “Mátírọ́ọ̀nù, irọ́ ni mo pa fún yín. Kì í ṣe bọ́tìnnì. Abẹ́rẹ́ mi sọnù lánàá, n kò sì yẹ àwọn aṣọ yìí wò kí n tó dì wọ́n. Ó lè wà lára èyíkéyìí nínú wọn.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Mátírọ́ọ̀nù bí ìgbà tí a pa iná. Kò bú u. Bóyá ì bá sàn bó bá bú u. Ó kàn pàtẹ́wọ́, ó ní kí gbogbo ọmọ wọlé, kí wọ́n dúró lórí ìdúró, kí ẹnikẹ́ni má jókòó. Òun àti ìyá tó ń se oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ lára wọn, jẹ́jẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń bó ẹyin.

Káfíńtà mú òòfà jáde. Ìyá Alápò ti gbàgbé pé bọ́tìnnì oníirin tí a ń tẹ̀ pọ̀ lòun fi sí gbogbo aṣọ náà. Bí òòfà ṣe sún mọ́ aṣọ, ó fò mọ́ bọ́tìnnì. Ó fò mọ́ òmíràn. Ní gbogbo ìgbà tó bá fò, àwọn àgbà á dá èémí dúró, lẹ́yìn náà wọ́n á rí i pé bọ́tìnnì ni.

“Ẹ gbé nǹkan yìí kúrò,” ni Mátírọ́ọ̀nù sọ. “Ó fẹ́ pa wá. Màmá, báwo lẹ ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò?”

Ìyá Alápò fi hàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin mẹ́ta náà ṣe jókòó sórí ẹní, tí wọ́n ń fi aṣọ ọmọdé ra ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú wọn dì, bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Káfíńtà fẹ́ bá wọn ṣe é, ìyá alásè ní irùngbọ̀n rẹ̀ á fa òwú yọ. Wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ àwọn ọmọ tó wà ní ìhòhò. Ọ̀kan gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀.

“Fìlà àgbà kì í ṣe ohun ìṣeré,” ni Káfíńtà sọ, ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán. Wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí nǹkan kan. Mátírọ́ọ̀nù ń kó àwọn aṣọ náà jọ, ó kàn dúró, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ó ku ọ̀kan. Ti Tíńtín.”

“Ta ni Tíńtín?”

“Ọmọ ọwọ́ wa. Òun ló kéré jù. A ti ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò yé ké.”

“Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké?” ni Ìyá Alápò bi í, ó sì ti mọ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn.

“Lẹ́yìn tí a wọ̀ ọ́ láṣọ.”

Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ló wà nítòsí ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́.

Káfíńtà wo aya rẹ̀. “Jẹ́ kí èmi nìkan lọ. Màá sọ pé ìṣó mi ló bọ́ sínú ẹrù. Ó pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ mí sí aláìbìkítà.”

“Irọ́ kan tí mo pa láàárọ̀ yìí ṣì ń korò lẹ́nu mi,” ni Ìyá Alápò dáhùn. “Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń gbọ́ igbe ọmọ náà. Wọ́n gba àárín àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kọjá, wọ́n tẹ̀ lé igbe náà títí dé yàrá kan. Ìyàwó ló gbé Tíńtín lọ́wọ́, obìnrin tó gbé e wá láti ilé àwọn ọmọ dúró tì í. Aṣọ kékeré náà wà lára ọmọ, èyí tí Ìyá Alápò rán ìṣẹ́tí rẹ̀ kẹ́yìn.

“Màmá? Bàbá? Ṣé kò sí o? Màmá, kí ló ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín?”

“Fi tèmi sílẹ̀, ìyàwó mi. Bọ́ aṣọ lára ọmọ yẹn. Jẹ́jẹ́. Má fà á, má sì dì í mọ́ra.”

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ mi. Eyín ń dùn mí, n kò fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí n tó dì í.”

Ìyàwó tẹ́ ọmọ náà sórí tábìlì, ó tú bọ́tìnnì, ó bọ́ ọwọ́ kan, ó bọ́ èkejì. Ó yí ọmọ náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo abẹ́ apá, ó wo itan. Ìyá Alápò gba aṣọ náà, ó yí inú rẹ̀ síta. Kò wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lọ. Èyí tó wú yẹn ló gbé e lé, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn gidi, láti ọrùn dé ìṣẹ́tí, títí omi fi ń dà lójú rẹ̀.

“Kò sí níbẹ̀,” ló sọ.

“Etí ló ń dùn ún,” ni ìyàwó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Dókítà ti wò ó, inú etí náà ló wú. Nígbà tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ, aṣọ kan etí náà, ìyẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ jókòó, Màmá.”

Ó jókòó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò bá a jókòó. Bí kò bá sí lára aṣọ, tí kò sí nílé, níbo ló wà? Ìyàwó gbé ọmọ náà fún Káfíńtà kó bá òun gbé e díẹ̀, kí òun lè po oògùn tí wọ́n fẹ́ kán sí i létí. Káfíńtà gbé e sí èjìká, ó ń mì í, ó ń kùn lábẹ́ ẹnu bó ṣe máa ń kùn bó bá ń fá pákó. Igbe náà rọlẹ̀. Ó di ẹkún kékeré, ó di òsúkè. Ọmọ náà gbé orí, ó rí ohun kan tó ń dán létí fìlà bàbá yìí, ó sì na ọwọ́ sí i.

Ìyàwó yíjú. Òun náà rí i.

“Bàbá, ẹ má mira.”

Kì í ṣe ohùn ìyàwó ilé ló fi sọ ọ́, ohùn nọ́ọ̀sì ni. Káfíńtà dúró bí òpó. Ìyàwó mú ọwọ́ ọmọ náà nígbà tí ìka rẹ̀ ti ń kan etí fìlà, ó ká a mọ́ inú àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ kejì yọ abẹ́rẹ́ kan jáde lára fìlà, abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu.

Káfíńtà wo abẹ́rẹ́ náà, ó wo ìka ara rẹ̀.

“Ẹ̀gún igi,” ló sọ. “Mo fi yọ ẹ̀gún lọ́wọ́ lánàá, nígbà tí ìyá yín lọ yọ́nu. Mo ní kí n fi há ara fìlà ná, kó má bàa sọnù, mo sì gbàgbé.”

Àṣé bí òòfà ti ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń bá òòfà rìn lókè, lára fìlà.

Ìyá Alápò wo ọkọ rẹ̀. “Bàbá wọn, eyín yìí ò jẹ́ kí n lè la ẹnu bó ṣe yẹ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Obìnrin tó gbé ọmọ wá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Káfíńtà tẹ̀ lé e. Ìyàwó àti Ìyá Alápò kò rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì ń wo ọwọ́ ọmọ náà.

Nígbà tí wọ́n délé ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Alápò da ìdérí bo ẹ̀rọ rẹ̀, ó tì í, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ wá bá ìyàwó.

“Màmá, abẹ́rẹ́ ò sí nínú aṣọ. Bàbá ló mú un.”

“Èmi kò mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Mo di ẹrù ránṣẹ́ sí ọmọ ọlọ́mọ, n kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Gbà á.”

Mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n sọ pé ìyàwó kọ̀ ọ́. Kò kọ̀ ọ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó kúnlẹ̀, ó gbà á.

Ilé náà wá dákẹ́. Wọ́n yọ eyín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú rọlẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ kankan fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́. Ìyá Alápò ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Báàgì ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lórí tábìlì, okùn kan ló ní. Káfíńtà kò dápàárá. Ẹ̀yìn ilé ló ń wà, ó ń fá nǹkan kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó parí rẹ̀, ó gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, àpótí pẹlẹbẹ tó kéré, ó fi òòfà rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá wọ inú rẹ̀, ó di kí èèyàn fà á kó tó jáde.

“Pákó tó gún mi yẹn ni,” ló sọ. “Mo ní kó wá jìyà rẹ̀.”

Aya rẹ̀ wò ó. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ nu eruku orí àpótí náà.

Ní ọjọ́ kan tí ìyàwó kò lọ síbi iṣẹ́, ó wọlé pẹ̀lú aṣọ Tíńtín. Ìṣẹ́tí rẹ̀ ti tú lápá kan.

“Mátírọ́ọ̀nù ló fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ara ọmọ náà ti yá, ó ti ń rá, òun ló fi eékún ya á. Màmá, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń rán ìṣẹ́tí.” Ó gbé aṣọ náà sórí tábìlì. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lórí. “Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rán an tán, ẹ ó gbé e fún mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ni yóò kọ́kọ́, tèmi á tẹ̀ lé e. Aṣọ tí kò bá gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì kọjá kò ní jáde nílé yìí.”

“Bí o bá wà níbi iṣẹ́ ńkọ́?”

“Aṣọ á dúró dè mí.”

Ìyá Alápò ronú sí i. Òun nìkan ló ń dá ṣe olórí yàrá yìí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ó mú kọ́kọ́rọ́. Ó fa abẹ́rẹ́ jáde lára òòfà, ó ń wá ojú rẹ̀ pẹ̀lú òwú. Òwú fo ojú abẹ́rẹ́. Ó lá ẹnu òwú, ó tún un ṣe, ó tún fò ó. Ìyàwó kò ní kó gbé e wá kí òun bá a ṣe é. Ó yíjú sí ojú fèrèsé, ó ń wo ìta bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀, títí òwú fi wọlé.

Nígbà tó rán an tán, ó dá abẹ́rẹ́ padà sínú àpótí, ó sì gbọ́ ọ tó dún bó ṣe lẹ̀ mọ́ òòfà. Ó fi aṣọ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gbé e fún ìyàwó. Ìyàwó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ìyá Alápò sì jókòó síbẹ̀, ó ń wo bí aṣọ náà ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀, títí ó fi dé ìṣẹ́tí.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí, n kò fi kún un, n kò sì yọ kúrò níbẹ̀ ju bí ẹnu mi ṣe máa ń ṣe lọ. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó wá kan ilẹ̀kùn ilé mi. Àwọn ọmọ mi fẹ́ sáré lọ bá a bó ṣe wọlé, ó ní kí wọ́n dúró ná. Ó ṣí fìlà, ó fọwọ́ wá etí rẹ̀ yípo, ó wò ó lójú oòrùn, kó tó wá dé e padà.